Òkìrìkà, fóònù tòkunbọ̀, àbí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́: èwo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọjà àlòkù lórí fóònù l'Óṣogbo?

"Àǹtí, owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ máa ta ọjà àlòkù lórí WhatsApp, kí ni kí n tà?" Kò sọ́sẹ̀ tẹ́nì kan ò ní bi mí béèyí, wọ́n ti bi mí l'Ọ́jà Ọba, wọ́n ti bi mí nínú kẹ̀kẹ́ láti Ọláìyá lọ sí Òkè-Fíà, kódà wọ́n bi mí níbi ìkómọ. Mo ti fọwọ́ kan mẹ́ta nínú ọjà àlòkù yìí dáadáa. Òkìrìkà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ta fóònù àti láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ fún bí ọdún kan ààbọ̀, ní báyìí òkìrìkà ni mo ṣì ń tà, àmọ́ mo ti fi ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àga tí wọ́n tú kúrò nínú ilé àtijọ́ kún un. Ẹ jẹ́ kí n to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ lè fojú ara yín mú èyí tó bá yín lára mu.

Kí n tètè sọ èrò mi. Àbùkù ọjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó wo owó. Ẹni tó ń rajà lórí fóònù ò lè fọwọ́ kàn án, kò lè gbóòórùn ẹ̀, kò lè tàn án wò. Ojú yín ló ń yá lò. Tẹ́ ẹ bá wá ń ta ohun tẹ́yin fúnra yín ò lè rí àbùkù ẹ̀, ojú tí ò ríran lẹ yá a nìyẹn, owó ẹ̀ lẹ sì gbà.

Owó tó máa jáde, àti owó tó máa sùn

Òkìrìkà ló gba owó kékeré jù. Ẹni tó ní ₦20,000 péré lè lọ ṣa aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú bélì, ìyẹn ẹrù aṣọ ńlá tí wọ́n dì pọ̀, kó fọ̀ ọ́, kó fi áyọ́ọ̀nù sí i, kó ya fọ́tò ẹ̀, kó sì tà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Fóònù ò rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan tó dáa lè gbé gbogbo owó yín lọ, tí kò bá wá tà ẹ ti jókòó tì í nìyẹn. Ilẹ̀kùn àti àga ilé àtijọ́ máa ń ṣe é rà lówó pọ́ọ́kú nígbà míì, torí ẹni tó ń wólé fẹ́ kí wọ́n kúrò níbẹ̀ kíákíá ni, àmọ́ owó tó ń tẹ̀lé e ló pọ̀: owó ọkọ̀, owó káfíńtà, owó pólíìṣì, àti ibi tẹ́ ẹ máa kó o sí tí òjò ò ní pa á.

Àwọn tó fẹ́ ra odindi bélì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣèṣirò ẹ̀ dópin. Ká ní ẹ ra bélì ṣẹ́ẹ̀tì ní ₦180,000, ẹ tú u, ẹ kà á, ẹ bá 200 nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ á yára sọ pé ₦900 ló bọ́ sí lórí ẹyọ kan. Rárá o. Tí 40 nínú ẹ̀ bá jẹ́ àkísà tí ò ṣe é tà fẹ́nikẹ́ni, 160 lẹ rà, ₦1,125 lẹyọ kan, ẹ ò sì tíì ka ọkọ̀, ọṣẹ, iná áyọ́ọ̀nù àti dátà. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń jẹ gbèsè tí wọ́n á sì máa rò pé àwọn ń jèrè, torí owó ń wọlé lójoojúmọ́.

Ti fóònù, owó ibẹ̀ ò gbọ́dọ̀ sùn. Kò sóṣù tí tuntun ò jáde, gbogbo ìgbà tí tuntun bá jáde ni ti tẹ́lẹ̀ ń rẹlẹ̀, ẹ rà á lónìí, tó bá fi máa tó oṣù méjì ẹ lè má rí iye tẹ́ ẹ rà á gan-an gbà mọ́. Ilẹ̀kùn ìrókò yàtọ̀. Ó lè sùn oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, tí ibi tó wà bá ṣáà ti gbẹ, iye ẹ̀ ò ní rẹlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń retí owó iléèwé ọmọ lóṣù tó ń bọ̀ ò lè máa wo ilẹ̀kùn lójú.

Aṣọ: àbùkù tí ojú lásán ń rí

Ọjọ́ tí mo tú bélì àkọ́kọ́ tèmi, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni, lórí bárándà ilé wa l'Ókè-Baálẹ̀. Mo fi bíléèdì gé okùn tí wọ́n fi dì í, aṣọ yẹn kọ́kọ́ mí, ó ń wú díẹ̀díẹ̀ bíi búrẹ́dì nínú ààrò, òórùn káńfọ̀ àti eruku bò wá. Mo tẹ́ ẹní, mo pín in sí òkìtì mẹ́ta: èyí tó dáa, èyí tó ṣe é tún ṣe, àti àkísà. Gáùn búráùn kan wà nínú ẹ̀ tó wuyì gan-an, síìpù ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nígbà tí mo yí i sódì mo rí ihò kan lábẹ́ abíyá, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Màámi ní kí n rán an kí n dákẹ́. Mo rán an lóòótọ́ o, àmọ́ mi ò dákẹ́, mo ya fọ́tò ibi tí mo rán yẹn, mo fìka tọ́ ọ, mo gbé e sórí státọ́ọ̀sì pẹ̀lú iye ẹ̀. Tíṣà kan n'Íléṣà ló rà á kí wákàtí kan tó pé, ohun tó kọ sí mi ni pé ẹni tó fi ihò han òun ò ní fi nǹkan míì pamọ́ fóun. Obìnrin yẹn ṣì ń rajà lọ́wọ́ mi dòní, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ níléèwé ló wá ń fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ síra wọn.

Ìdí tí mo fi máa ń sọ fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó lọ sídìí aṣọ nìyẹn. Oṣù kan ti tó láti mọ àbùkù ẹ̀. Kọ́là, abíyá, ojú itan ṣòkòtò, síìpù, bọ́tìnnì. Ẹ nà án sókè kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sí oòrùn, ibi tó ti fẹ́lẹ́ á hàn. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó gbẹ tán, torí òórùn míì ò ní jáde àfi tí omi bá kàn án.

Ohun tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nídìí aṣọ ni sáìsì. UK 12 ni US 8, òun náà ni EU 40, ẹni tó rí 8 lára gáùn tó rò pé ti UK ni á sọ pé ó kéré ju òun lọ, ẹni tó rí 40 á sá. Ẹ gbàgbé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ fi téèpù wọn àyà, ìbàdí àti gígùn ẹ̀ ní íǹṣì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò. Látìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń dá aṣọ padà fún mi ò wọ́pọ̀ mọ́. Pátá àti kọ́mú, èmi ò kì í tà á o, ẹlòmíì ń tà á, èmi ò lè fi ara mi sípò ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ni tó bá fẹ́ràn yín gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Aṣọ àlòkù wà lára àwọn ọjà tí kọ́sítọ́ọ̀mù kà sí èèwọ̀ láti kó wọ Nàìjíríà. Fíríìjì àlòkù, ẹ̀rọ amúlétutù àlòkù àti kọ̀ńpírẹ́sọ̀ àlòkù náà wà níbẹ̀. Torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín lọ sí Kútọnu pé ibẹ̀ lọjà ti pọ̀, bí wọ́n bá gba bélì lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, gbèsè ló máa kù. Àwọn tí mo mọ̀, Katangúà l'Ékòó tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú u níbí ni wọ́n ti ń rà. Ọ̀nà kan tún wà tí ò ní wàhálà rárá, ẹ ra aṣọ tó mọ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú tí ò wọ̀ ọ́ mọ́. Áńkárá, léèsì àti aṣọ òkè tí wọ́n wọ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi ìgbéyàwó tí wọ́n sì ká a sínú àpótí, ọjà ńlá lèyí, ọ̀pọ̀ ò sì tíì rí i.

Fóònù àti láptọ́ọ̀pù: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ

Èrè orí fóònù kan lè tó ti aṣọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, irọ́ kọ́. Ó kéré, ó fúyẹ́, ẹ lè fi ránṣẹ́ síbi tẹ́ ẹ bá fẹ́, gbogbo èèyàn ló sì ń wá a. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé àbùkù fóònù ń gbé inú, ojú lásán ò ká a.

Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni kan tí mo gbà pé ó mọṣẹ́, ojú ẹ̀ ń dán, kò sí ibi tó họ lára ẹ̀, mo tà á fún ọmọkùnrin kan ní UNIOSUN. Ọjọ́ kẹrin, ilà àwọ̀ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti gùn wálẹ̀ lójú ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ọmọ yẹn àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá bá mi nílé, wọn ò jà, wọ́n kàn gbé e sórí tábìlì tí wọ́n sì dákẹ́. Mo dá gbogbo owó ẹ̀ padà. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé ìpè mi mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí bí mo ṣe lè mọ̀, torí pé mi ò kọ́ṣẹ́ fóònù, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ò ju kí n tàn án kí n pè é lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é láìka ìyẹn sí, ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà IMEI onídíjíìtì 15 tó bá jáde, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, gbọ́dọ̀ bá ti páálí àti ti inú Settings mu. Ẹ ní kẹ́ni tó ń tà á pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́ lójú yín, kẹ́ ẹ sì tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí tí àkáǹtì Google tàbí iCloud ẹni tó ni ín bá ṣì wà lórí ẹ̀, bíríkì lẹ rà yẹn. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ wo ìlera bátìrì ẹ̀, tó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san. Ẹ ki síìmù tiyín bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ pe èèyàn, torí àwọn kan wà tó jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà nìkan ló ń gbà. Ẹ ṣí fọ́tò funfun kan kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀ nínú òkùnkùn. Kámẹ́rà méjèèjì, ṣáájà, sípíkà, ibi tí wọ́n ń fìka tẹ̀. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ wáyà ẹ̀ kúrò níná kẹ́ ẹ lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, irọ́ bátìrì á tú. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ lè wọ BIOS ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń ṣí láptọ́ọ̀pù kí Windows tó dìde, láìsí pásíwọ̀ọ̀dù.

Ti olè ńkọ́? Ẹ má ra fóònù tí ò ní páálí, tí ò ní rísíìtì, lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Ẹ gba fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà IMEI. Ẹni tó bá gba ẹrù olè tó sì mọ̀ pé ẹrù olè ni, ẹ̀wọ̀n wà níwájú ẹ̀ lábẹ́ òfin, kí ẹ̀yin tó wá ṣàlàyé pé ẹ ò mọ̀, ẹ ti sùn ní tèṣàn.

Ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga: ọjà tí ọ̀pọ̀ ń fi dáná

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, mi ò ní purọ́. Àwọn ilé àtijọ́ ìlú wa yìí, láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun dé Alẹ́kúwodò, pákó gidi ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn wọn, ìrókò, ọ̀gànwó, apá, igi tó nípọn tẹ́ ò lè tètè rí rà níbi tí wọ́n ti ń ta pákó lónìí. Wọ́n á wó ilé náà, onílé á fi alumíníọ̀mù àti ilẹ̀kùn irin sí tuntun, àwọn akóndẹ́mù á wá kó gbogbo irin ibẹ̀ lọ láti lọ tà á ní kílò kílò, igi á sì ku sílẹ̀ títí tí olóúnjẹ kan á fi kó o lọ dáná. Ó máa ń dùn mí wọra. Ẹ mọ bíríkìlà méjì mẹ́ta àti káfíńtà kan, kẹ́ ẹ fún wọn ní nọ́ńbà yín, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní nǹkan nígbàkigbà tí wọ́n bá pè yín kí wọ́n tó dá ilé wó. Iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni ín.

Àbùkù ẹ̀ ò fara pamọ́ bíi ti fóònù. Ẹ fi ìka kan ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn ilé àna, ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, ikán ti wọbẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ bóyá ìyẹ̀fun igi ń dà sílẹ̀, kòkòrò ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn, ẹ ò gbọdọ̀ kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yín tó kù. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, tó bá mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti wọ́. Kẹ́ ẹ má fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ o, ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́ ní òjé nínú, eruku ẹ̀ léwu gan-an fún ọmọdé. Ẹ fi omi rin ín kẹ́ ẹ tó ha á, ẹ bo imú, kí ọmọ kankan má sì sí nítòsí.

Wàyí o, ibi tó le nídìí ẹ̀ ò ju méjì lọ, méjèèjì sì wúwo. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé ẹbí. Ọmọ kan á pè yín pé ẹ wá ra ilẹ̀kùn ilé bàbá òun, ẹ rà á, ọ̀sẹ̀ kejì àwọn ọmọ ìyá mìíràn á dé láti Èkó pé ta ló tú ilẹ̀kùn bàbá àwọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, mo gbé ilẹ̀kùn padà pẹ̀lú owó ọkọ̀ ara mi. Ẹ má ra nǹkankan nínú ilé ẹbí àfi tí olórí ẹbí bá fẹnu ara ẹ̀ sọ fún yín pé kẹ́ ẹ gbé e, kẹ́ ẹ sì kọ ìwé, kí èèyàn méjì nínú ẹbí fọwọ́ sí i.

Ìkejì ni nǹkan àjogúnbá. Ìlú oníṣẹ́ ọnà ni Òṣogbo, Igbó Ọ̀ṣun wà nínú ìwé UNESCO láti 2005, torí náà àwọn èèyàn á máa gbé ère, òpó gbígbẹ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí wá fún yín. Òfin àjọ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù ní Nàìjíríà sọ pé iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918, àti ohun ọnà tó níyì tí wọ́n ti lò rí níbi ìsìn ìbílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè máa rà kó máa tà láìgba àṣẹ. Tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ dé, èmi máa ń ní kí wọ́n gbé e lọ sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà l'Óṣogbo níbí kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó. Ilẹ̀kùn pákó lásán tó wà nínú ilé àtijọ́, ìyẹn ò ní wàhálà. Èyí tí ojú èèyàn, ẹṣin tàbí ẹyẹ bá wà lára ẹ̀, ẹ rọra.

Ibi títà, owó gbígbà, wébíìlì

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Státọ́ọ̀sì WhatsApp ló dáa jù fún aṣọ, torí wákàtí 24 ló ń lò, aṣọ sì jẹ́ ohun tí ojú ń rí tí ọkàn ń fẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Broadcast, ìyẹn fífi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, dáa àmọ́ ẹni tó bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ nìkan ló máa rí i, èèyàn 256 ló sì gbà nínú lísìtì kan, torí náà ẹ máa bẹ oníbàárà kó fi nọ́ńbà yín pamọ́. Fóònù máa ń tà lórí Jiji, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ọjà, torí ẹni tó fẹ́ fóònù á tẹ orúkọ èyí tó ń wá gan-an. Ilẹ̀kùn àti àga, Facebook Marketplace, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ wà, kí èèyàn kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe ga tó.

Owó: ẹ má gbára lé alẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù yín, ẹ ṣí áàpù báǹkì yín kẹ́ ẹ rí owó náà níbẹ̀ kọ́jà tó kúrò. Láàárín ìgboro ẹ lè pàdé l'Ọ́láìyá kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó sanwó, pàápàá tó bá jẹ́ fóònù. Tó bá ń lọ ìlú míì, owó kọ́kọ́ wọlé kó tó di pé ẹ gbé e lọ sí páàkì. Aṣọ àti fóònù, wébíìlì ẹ̀ rọrùn, ẹ gba nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà àti nọ́ńbà ọkọ̀. Ilẹ̀kùn ló nira, mo máa ń dúró de ọkọ̀ akẹ́rù tó ń padà s'Ékòó tàbí Ìbàdàn lófìfo, owó ẹ̀ máa ń dín gan-an.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ọmọ iléèwé tí owó ẹ̀ ò pọ̀, tó ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ nínú fóònù ẹ̀: òkìrìkà, ṣíṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, má ra bélì ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ títún fóònù ṣe, tàbí tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jẹ́ onífóònù tó lè bá a tú u wò: fóònù, kó ṣe é, kó má wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ò sí nínú méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí èrè ojú ẹsẹ̀ tàn yín débẹ̀. Ẹni tó ní àyè lẹ́yìnkùlé, tó mọ káfíńtà tó ṣe é fọkàn tán, tí owó míì sì ń wọlé fún un lóṣooṣù bí i tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba: ilẹ̀kùn àti àga.

Tẹ́ ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ dán èyí wò. Ẹ ra mẹ́wàá péré nínú ọjà tó wù yín, tó bá jẹ́ fóònù tàbí ilẹ̀kùn, ẹ yá mẹ́wàá wò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ kọ gbogbo àbùkù tẹ́ ẹ bá rí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ ọjà náà jù yín lọ kó wo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láìka ìwé yín. Tó bá rí àbùkù tẹ́ ẹ ò rí lára ju méjì lọ, ẹ má tíì gba owó ẹnikẹ́ni, ẹ padà lọ wo mẹ́wàá míì.